Ilé Àtijọ́ Kì í Gún Régé

Tí ẹ bá dé ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá owó tí wọ́n ná sí i kò ṣòfò, ẹ má wo ọ̀dà ara ògiri. Ẹ má wo páànù tuntun tó ń kọ mọ̀nà lórí rẹ̀ náà. Ọ̀dà kì í jẹ́ ká rí nǹkan. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ibi tí igi ti pàdé ògiri ni kí ẹ wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn. Ẹ ti fèrèsé kan pa, kí ẹ tún ṣí i. Ẹ gun àtẹ̀gùn láìwo ẹsẹ̀ yín. Bí ilé náà bá yege níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wá lè kí onílé kú oríire.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Káfíńtà ni mo ti kọ́ ìdánwò yìí, nígbà tí ẹbí wa gbé iṣẹ́ ilé bàbá àgbà wa ní Iléṣà fún wọn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó kọ́ṣẹ́ tirẹ̀ l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ wọn ò pọ̀. Bí inú wọn bá dùn sí pákó kan, wọ́n á fi àtàǹpàkò nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Bí inú wọn ò bá dùn sí i, wọ́n á ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé e lọ fún àwọn tó ń dáná lẹ́yìnkùlé.

Owó aṣọ ló kọ́ ilé náà. Òṣómàáló ni bàbá àgbà. Wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó, wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi pé. Nígbà tí owó náà wá gbé pẹ́ẹ́lí díẹ̀, ilé ni wọ́n kó o sí, bí ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀ṣà ìgbà náà ti ṣe: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè ká ẹsẹ̀ jókòó sójú fèrèsé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀ onípákó lókè. Ìlẹ̀kùn ìrókò ni, fèrèsé náà onígi ni, aláwẹ́ méjì-méjì, wọ́n sì kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ayùn gé ní ewé-ewé yí etí òrùlé ká.

Ilé Àgùdà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ẹrú dá sílẹ̀ ní Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil lọ́dún 1835, ìjọba ibẹ̀ fojú àwọn ọmọ Áfíríkà rí màbo, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti gba òmìnira sì wọkọ̀ ojú omi padà wá sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú etíkun mìíràn. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Àgùdà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbé dé: birikilà, káfíńtà, aránṣọ. João Baptista da Costa, tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí l'Ékòó lọ́dún 1894, ara àwọn Àgùdà yẹn ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ wọn, ló gbé ọnà náà wọ ìlú òkè: Ìjẹ̀bú-Òde, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, títí dé Iléṣà. Ibi tí owó kòkó bá ti ń wọlé ni wọ́n ti ń ríṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ pé àwọn ilé yìí ń tán lọ kì í ṣe tuntun. Ìlójò Bar ní Tinúbú l'Ékòó, tí àwọn kan ń pè ní Casa do Fernandez, ìjọba ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Gbogbo èèyàn pariwo, ó sì yẹ kí wọ́n pariwo. Ṣùgbọ́n ilé tí wọn ò wó, tí wọ́n kàn tún ṣe, ta ló ń pariwo lé e lórí? Wọ́n á yọ ìlẹ̀kùn, wọ́n á yọ fèrèsé, wọ́n á ká àtẹ̀gùn kúrò, wọ́n á fi alumíníọ̀mù àti irin rọ́pò, ilé á ṣì dúró sí ojú ibi tó wà. Ní tèmi, wíwó ló rọ̀ mí lọ́rùn díẹ̀ ju èyí lọ, nítorí ẹni tó wó ilé kò ní sọ fún wa pé òun ń tọ́jú rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé Èkó ló fẹ́ dá owó tó pọ̀ jù, ohùn rẹ̀ náà ló sì ròkè jù. Ó fẹ́ fèrèsé alumíníọ̀mù, ó fẹ́ píópì sí pálọ̀ àti sí gbogbo yàrá, ó fẹ́ ìlẹ̀kùn irin tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Ṣáínà. Ó pa òwe fún wa nípàdé ẹbí, pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àǹtí Àgbà, tí wọ́n jẹ́ àbúrò bàbá wa, dá a lóhùn láti orí àga wọn: "Ta ló sọ fún ọ pé ilé jó?" Ìpàdé túká pẹ̀lú ẹ̀rín, ọ̀rọ̀ alumíníọ̀mù sì bá a túká.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti férémù, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí iṣẹ́ àṣekágbá ilé àtijọ́ jẹ́. Ògiri amọ̀ kì í gún régé, kò sì yẹ ká retí kó gún. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi pò ó, ọwọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ní ìpele-ìpele. Wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ibi tí ìpele méjì bá ti pàdé, ògiri á yọ ikùn díẹ̀. Òjò àti oòrùn tún wá ṣe tiwọn sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀ ìlẹ̀kùn kò mọ ẹjọ́ amọ̀ rò. Bí férémù rẹ̀ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa ṣí fúnra rẹ̀ lóru, àwọn tó sùn á sì máa bi ara wọn pé ta ló wọlé. Férémù gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, ògiri ò sì dúró ṣánṣán. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni pákó pẹlẹbẹ tí àwọn káfíńtà ń kàn yí ẹnu ọ̀nà ká wà fún.

Ohun tí mo ti rí níbi púpọ̀ ni pé wọ́n á kan pákó náà bó ṣe wà, wọ́n á wá fi ṣìmẹ́ńtì funfun tàbí pọ́tì dí àlàfo tó bá kù. Ó máa ń wu ojú títí ọyẹ́ á fi dé. Bí ọyẹ́ bá dé, igi á sún kì, pọ́tì á ya kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ríbi wọ̀. Èyí á ti lanu láti òkè dé ilẹ̀, alángbá á sì kó tẹbí-tará wọlé. Àwọn mìíràn a máa gbẹ́ ògiri títí ikùn tó yọ á fi kúrò, wọ́n á wá fi ṣìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ṣìmẹ́ńtì le ju amọ̀ lọ, kì í sì í jẹ́ kí omi tó wà nínú ògiri náà ríbi gbà jáde. Lẹ́yìn òjò mélòó kan, á ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, á sì já amọ̀ dání bó ṣe ń bọ́.

Bàbá Káfíńtà kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n gbé pákó náà nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, wọ́n fi okùn tí wọ́n so irin mọ́ nídìí wò ó bóyá ó dúró dáadáa, ọmọ iṣẹ́ sì dì í mú. Wọ́n ṣa èérún igi kan nílẹ̀, wọ́n gé e kó fẹ̀ tó ibi tí àlàfo náà ti fẹ̀ jù lọ. Wọ́n fi ẹnu pẹ́ńsùlù ti ẹ̀gbẹ́ kan èérún igi náà, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kejì ti ara ògiri, wọ́n sì ń fà á bọ̀ láti òkè, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ kó kúrò lára ògiri rárá. Ibi tí ògiri bá ti yọ ikùn, pẹ́ńsùlù á sún wọ inú pákó. Ibi tó bá ti kó wọnú, pẹ́ńsùlù á sún padà. Nígbà tí ọwọ́ wọn fi máa kan ilẹ̀, ògiri ti ya ara rẹ̀ sójú pákó, pẹ̀lú gbogbo wúruwùru rẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi ayùn tẹ̀ lé ìlà náà, wọ́n wá fi ìfági fá ìyókù. Ṣùgbọ́n wọn ò fá a ní ìdúró. Wọ́n dà á sẹ́yìn díẹ̀, tó fi jẹ́ pé etí iwájú nìkan ló máa kan ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣófo. Mo bi wọ́n pé kí ló dé.

"Ìyá Ìbejì, ta ló ń wo ẹ̀yìn?" wọ́n ní. "Bí amọ̀ bá yọ gọ́ńgọ́ lẹ́yìn níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó ríbi yọ sí. Iwájú tí ojú ń rí ni mi ò ní gbà fún un."

Nígbà tí wọ́n gbé e padà, ó lẹ̀ mọ́ ògiri pẹ̀kí, kò sí ibi tí ewé ìwé lè gbà kọjá. Kò sí pọ́tì, kò sí ṣìmẹ́ńtì. Ẹni tó bá dúró sọ́ọ̀ọ́kán á rò pé ògiri náà gún. Igi ló gbà fún ògiri. Wọn ò ní kí ògiri gbà fún igi. Ohun tí mo fẹ́ máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún ilé àwọn bàbá rẹ̀ ṣe nìyẹn, kí ó tó lọ ra ohunkóhun: ilé náà ti yan bó ṣe fẹ́ dúró, ohun tuntun tí ẹ bá gbé wá ni kí ẹ gé kó bá a mu.

Ìlẹ̀kùn yàrá bàbá àgbà ló gba àkókò jù. Irú ìlẹ̀kùn yẹn kì í ṣe pákó kan ṣoṣo. Igi gbọọrọ méjì ló dúró lọ́tùn-ún lósì; igi mẹ́ta mìíràn dábùú láàárín wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀; ẹnu àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n gbẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó lè bọ inú ihò tí wọ́n lu sára àwọn méjì àkọ́kọ́. Àwọn pákó fífẹ̀ tó wà láàárín, tí ojú ń kọ́kọ́ rí, kò sí ìṣó tàbí gọ́ọ̀mù kan tó dì wọ́n mú. Inú kòtò tóóró tí wọ́n là sára igi yíká ni wọ́n jókòó sí, wọ́n sì ní àyè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Nínú àyè yẹn ni ọgbọ́n ibẹ̀ wà. Gígùn igi kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìbú rẹ̀ ló ń wú, tó tún ń sún kì. Lóṣù Keje tí afẹ́fẹ́ tutù, pákó á wú. Lóṣù Kìn-ín-ní tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ bọ̀ láti òkè Ọya, á sún. Bí ó bá ní àyè, á lọ, á bọ̀ nínú kòtò rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Bí wọ́n bá dì í mú, á ya.

Ẹnì kan ti dì í mú. Nígbà kan rí, ìlẹ̀kùn náà a máa dún gbọ̀ngbọ̀n bí wọ́n bá tì í, wọ́n sì pe káfíńtà kan kó wá wò ó. Ó kan ìṣó mọ́ pákó náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, dídún dáwọ́ dúró, ó gbowó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí pákó náà fi là láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń rí iná fìtílà inú yàrá. Bàbá Káfíńtà fa àwọn ìṣó náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn síni lọ́rùn. Wọ́n wá fi òòlù onígi ti àwọn èèkàn igi tó di oríkèé ìlẹ̀kùn mú jáde, wọ́n sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Ibi tí igi ti wọ inú igi, tí oòrùn àti ọ̀dà ò dé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án, àwọ̀ ìrókò náà ṣì mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ń fà sí àwọ̀ ìyeyè. Ara tó wà ní gbangba nìkan ló ti ṣú. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀ rárá. Àmì pẹ́ńsùlù ọ̀gá àtijọ́ ọ̀hún wà lára ẹnu igi kọ̀ọ̀kan: ìlà tó fi wọ̀n ọ́n, àti nọ́ńbà tó fi mọ èyí tó bá ihò wo mu. Bàbá Káfíńtà gbé ọ̀kan sún mọ́ ojú, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní ó jọ pé ọlọ́wọ́ òsì ni ọ̀gá náà. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní ìlà náà wúwo níbi tí ti àwọn yòókù ti máa ń fúyẹ́. Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan ní tèmi, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ mi orí, mo sì gbà fún wọn.

Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ibi tí pákó ti là, wọ́n dè é pọ̀ títí ó fi gbẹ, wọ́n sì ṣọ́ra kí gọ́ọ̀mù má kan inú kòtò. Ti dídún rẹ̀ ńkọ́? Ìṣó kékeré kan péré sí àárín gbùngbùn òkè, òmíràn sí àárín gbùngbùn ìsàlẹ̀. Pákó á lè wú sọ́tùn-ún, á lè wú sósì, kò sì ní dún mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣó tó ba ìlẹ̀kùn náà jẹ́ àti èyí tó tún un ṣe kò ju ojú ibi tí wọ́n kàn án sí lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá ìlẹ̀kùn gan-an ni onítáìsì. Mi ò bú wọn, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Táìsì àti ṣìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ á gbé ilẹ̀ sókè ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìlẹ̀kùn tó ti ń ṣí láti ayé bàbá ò sì ní ṣí mọ́. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ, wọ́n á gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù. Igi ìdábùú tó fẹ̀ jù, tó gbé gbogbo ìlẹ̀kùn dúró, ni wọ́n gé yẹn. Nígbà mìíràn wọ́n á gé e títí kan etí ihò oríkèé rẹ̀. Omi tí wọ́n bá fi ń nu táìsì á wá máa gba ìdí igi gbọọrọ méjèèjì wọlé, torí ojú ibi tí wọ́n bá ti gé igi ní ìdábùú ló ń fa omi jù. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yàrá kan nísàlẹ̀ ilé wa kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá Káfíńtà ní láti gé ibi tó jẹrà kúrò, kí wọ́n sì fi igi tuntun lé e lójú.

Ti àtẹ̀gùn tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ló ń ka àtẹ̀gùn, ojú kọ́. Lẹ́yìn ìpele méjì péré, ẹsẹ̀ ti mọ bí àwọn tó kù ṣe ga sí, á sì máa lọ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá wá fi táìsì gbé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè, ìpele àkọ́kọ́ ti kúrú ju àwọn yòókù lọ; ẹni tó ń bọ̀ láti òkè lóru á kan ilẹ̀ kó tó retí rẹ̀, eékún á sì gbọ̀n rìrì. Bí ẹ bá kan pákó tuntun lé orí ìpele kan ṣoṣo tó ti jẹ láàárín, ẹ ti dẹ tàkúté sílẹ̀. Nítorí náà a fi ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣìmẹ́ńtì pupa tí wọ́n ti dán títí ó fi ń tàn. A gbà fún àbúrò mi pé kó lẹ táìsì sí balùwẹ̀ àti ilé ìdáná.

Pákó tuntun fẹ́ dá ìjà mìíràn sílẹ̀. A lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà n'Ìbàdàn, a sì bá àwọn òǹtàjà tí wọ́n ń búra pé pákó àwọn gbẹ. Bàbá Káfíńtà kì í bá wọn jiyàn. Wọ́n á kàn gbé orí pákó kan sókè, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á ní ká máa lọ: bó ṣe wúwo tó ti sọ fún wọn pé omi ṣì kún inú rẹ̀. Ìlànà àwọn àgbà káfíńtà ni pé kí pákó tó nípọn tó íńṣì kan lo bí ọdún kan lábẹ́ ibòji, pẹ̀lú igi wẹ́wẹ́ láàárín kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá. Ta ló ní ọdún kan láyé tí a wà yìí? Wọ́n á la igi lónìí, wọ́n á tà á lọ́la, wọ́n á fi kan ìlẹ̀kùn lọ́túnla, nígbà ọyẹ́ èèyàn á wá rí oríkèé tó ṣí sílẹ̀ gbàgà, yóò sì ní káfíńtà ló jalè.

Igi pàápàá ní ìwà. Àpá le, kì í sì í tètè lọ́, Bàbá Káfíńtà fẹ́ ẹ fún ìpele àtẹ̀gùn. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fún ìdí férémù, níbi tí ọ̀rinrin ti máa ń kan igi. Arère fúyẹ́, ó rọrùn fún ìfági, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e wọ ilé náà àfi tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi gun òrùlé fún ọjọ́ kan. Kódà ìrókò tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, inú rẹ̀ tó ṣú ni ikán ò lè jẹ. Etí rẹ̀ tó funfun, oúnjẹ lásán ni. Ilẹ̀ ni ikán ti ń gòkè bọ̀, yóò sì fi erùpẹ̀ mọ ọ̀nà tóóró bo ara rẹ̀. Torí bẹ́ẹ̀ Bàbá Káfíńtà kì í ri ìdí férémù mọ́lẹ̀. Wọ́n á gbé e lé òkúta, wọ́n á fi oògùn ikán tí wọ́n ń pè ní Solignum kùn ún, wọ́n á sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ wà ní gbangba, kí onílé lè rí ọ̀nà ikán ní ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n.

Ibi tí a ti wá rí igi tó gbẹ dáadáa yà mí lẹ́nu. Ilé ìdáná ẹ̀yìn ti wó láti ọjọ́ tó pẹ́, igi òrùlé rẹ̀ sì wà nílẹ̀ lábẹ́ páànù jíjẹ, ìrókò ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n dọ̀tí, ìṣó kún ara wọn, èéfín ti sọ wọ́n di dúdú. Bàbá Káfíńtà fi ìfági fá ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, wọ́n fi àtàǹpàkò nù ún. Ara àwọn igi wọ̀nyí ni gbogbo àtúnṣe kéékèèké ti jáde: etí fèrèsé, ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn, àwọn pákó ẹnu ọ̀nà. Òṣùwọ̀n ọdún kan fún íńṣì kan, wọ́n ti kọjá rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ohun kan wà tí èmi fi dandan lé, tí Bàbá Káfíńtà kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín sí. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́. Ẹni tó bá fi sánpépà ha á ní gbígbẹ ń fa òjé sí imú, èyí tó bá sì balẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń rákò á kó o sí ẹnu. A fi omi rin ín kí a tó ha á, a tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, a sì fi aṣọ di imú. Bákan náà ni àjà ásíbẹ́tọ́ọ̀sì tí wọ́n fi sí yàrá méjì lókè: a ò jẹ́ kí wọ́n fi ayùn kàn án tàbí kí wọ́n fọ́ ọ. Ọmọ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ gbà fún mi, ó ní, "Mọ́mì, ó ti pẹ́ tí ikọ́ yìí ti ń ṣe bàbá." Bàbá Káfíńtà wò ó, wọn ò wí nǹkan kan, wọ́n sì de aṣọ mọ́ imú.

Lókè ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti gé ojú ọnà sára pákó láti ilẹ̀ wá: ewé, òdòdó, àti ohun kan tó jọ ẹyẹ, kò sí méjì tó bára mu. Àwọn ayálégbé ti fi páálí àti kàlẹ́ńdà dí wọn pa. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná inú yàrá ń gbà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń tì í síta lẹ́yìn. Nígbà tí a ṣí wọn, tí a fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku wọn, Àǹtí Àgbà ní òun ti gbàgbé pé yàrá òun máa ń tutù. Píópì tí àbúrò mi ń wí ì bá sọ àjà kalẹ̀, ì bá sì dí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó máa wá owó ẹ̀rọ amúlétutù àti owó dísù kiri. A yọ̀ǹda kó ṣe píópì sí yàrá tirẹ̀ nìkan. Ó ṣe é. Òun nìkan ló ń gbé fáànù wá láti Èkó.

Ọ̀dà, kọ́kọ́rọ́, ìdè ìlẹ̀kùn, mi ò ní fi wọ́n gbà yín lákòókò. Kìkì pé ìdè ìlẹ̀kùn ìgbà náà, àgbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, kò sì sí èyí tí a rà lọ́jà tó nípọn tó o. A fọ ìpata rẹ̀, a fi òróró sí i, a dá a padà.

Ohun tó kù báyìí ni àwọn ọ̀pá kéékèèké abẹ́ ìdìmú àtẹ̀gùn. Díẹ̀ ti sọnù nínú wọn, àwọn ọmọdé ilé ti fi gbá bọ́ọ̀lù tàbí kí wọ́n ti fi jà. A gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yí igi, pé kó yí irú rẹ̀. Ó ní èwo ni kí òun wò ṣe, torí bó ṣe tò wọ́n ti ara wọn ni gbogbo wa rí i pé kò sí ọ̀kan tó bá ìkejì dọ́gba: ọ̀kan sanra níkùn, ọrùn òmíràn gùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi yí wọn nígbà náà. Àbúrò mi ní kó yan èyí tó dára jù, kó ṣe gbogbo rẹ̀ bákan náà. Bàbá Káfíńtà ní kó wo ọ̀pá tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì àlàfo kọ̀ọ̀kan, kó wá yí èyí tó máa wà láàárín wọn.

Wọ́n ti kàn wọ́n. Wọ́n funfun sí àwọn àtijọ́, ẹni tó bá ń gòkè á rí wọn kedere. Àǹtí Àgbà fẹ́ kí a fi fáníìṣì dúdú kùn wọ́n kí wọ́n lè bá àwọn yòókù mu kí ọdún Kérésì tó dé. Èmi ní kí a fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dúdú fúnra wọn. Àbúrò mi ní tí wọ́n bá ti gbọ́ tòun ni, irin ni a ò bá fi ṣe é. Bàbá Káfíńtà ní àwọn ò dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí, ṣùgbọ́n pákó tuntun ni, ó ṣì tutù nínú, búrọ́ọ̀ṣì àwọn ò sì ní kàn án kí ọyẹ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Wọ́n wá béèrè owó iṣẹ́ tó kù.